Ẹsẹ̀ Méjì Lórí Yìnyín

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1988, ní ìlú Calgary lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ẹni ọdún 20, bọ́ sórí yìnyín nínú gbọ̀ngàn Saddledome. Debi Thomas lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìdíje eré orí yìnyín ti àwọn obìnrin nínú Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù ló gbé e débẹ̀. Apá méjì nínú mẹ́ta ìdíje náà ti kọjá, òun ló sì wà níwájú. Katarina Witt ará Jámánì Ìlà-Oòrùn, tí gbogbo ayé kà sí ẹni kan ṣoṣo tó lè du wúrà mọ́ ọn lọ́wọ́, ti ṣe tirẹ̀ tán, kò sì ṣe é dé ojú àmì: ìfò kan tó yẹ kó yípo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ló yí i. Ọ̀nà là fún Debi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù.

Kò pẹ́ tí orin bẹ̀rẹ̀ tó fi fò. Ó yípo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lófuurufú, ó balẹ̀, kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi tún fò, tó tún yípo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kan ló yẹ kó fi balẹ̀ lẹ́yìn ìkejì. Méjì ló fi balẹ̀.

Kò ṣubú o. Ẹni tí kò mọ eré náà lè máa pàtẹ́wọ́ lọ láìfura. Ṣùgbọ́n Debi mọ̀, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì mọ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ẹsẹ̀ méjì yẹn ló gba wúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ló gbà á, mo sì fẹ́ fi ìṣirò hàn yín kí n tó dákẹ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà, nítorí ilẹ̀ tiwa kì í dì. Yìnyín tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ti inú fíríìjì, àti èyí tó máa ń bá òjò jábọ́ sórí páànù tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Àwọn eléré yìí ń wọ bàtà tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ nísàlẹ̀. Irin náà ní etí méjì, ọ̀kan kọjú sínú, ọ̀kan kọjú sóde, ó sì ní eyín wẹ́wẹ́ níwájú. Inú etí irin yìí ni gbogbo ọgbọ́n eré náà wà. Orí etí kan ni eléré ń dúró lé kó tó fò. Bó bá sì ń bọ̀ wálẹ̀, etí òde irin ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbà á, tí yóò máa fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ló kù kí òun ṣubú. Oríṣi ìfò mẹ́fà ló ń gba máàkì jù: toe loop, Salchow, loop, flip, Lutz àti Axel. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni wọ́n ṣe ń le sí i, Axel ló le jù, nítorí òun nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú fò, ààbọ̀ ìyípo kan sì ń lé lórí rẹ̀.

Lọ́dún 1988, apá mẹ́ta ni ìdíje náà pín sí. Yíya àmì ni àkọ́kọ́. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí aṣọ tó ń dán. Eléré yóò fi etí irin rẹ̀ ya òbìrìkìtì sórí yìnyín tó mọ́ lóló, bí ẹni ń kọ 8, yóò sì tún un yà lórí ìlà kan náà láìyà kúrò. Àwọn adájọ́ yóò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò máa yẹ ìlà náà wò bí ìyá oníṣòwò ṣe ń yẹ aṣọ òkè wò kó tó sanwó. Tẹlifíṣàn kì í sábà fi apá yìí hàn, èrò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá wò ó, bẹ́ẹ̀ 30 nínú 100 ló ń kó. Eré kúkúrú, tí wọ́n ti to ohun tí eléré gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ń kó 20. Eré gígùn tí gbogbo ayé ń wò ń kó 50 tó kù.

Agbára yíya àmì tilẹ̀ ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní Sapporo, nílẹ̀ Japan, lọ́dún 1972, Beatrix Schuba ará Austria fi àmì jìnnà sí gbogbo wọn débi pé nígbà tí eré gígùn dé, tó ṣe ipò keje, òun náà ló ṣì gba wúrà. Janet Lynn ará Amẹ́ríkà, tí eré rẹ̀ wọ àwọn ará Japan lọ́kàn bí oyin, idẹ ló gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wọn eléré kan mọ́ èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Calgary. Debi ti kọ́kọ́ fi àgbà han Witt rí. Lọ́dún 1986, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lọ gba ti àgbáyé ní Geneva, níbi tí Witt ti ṣe ìkejì. Kò sí ọmọ aláwọ̀ dúdú tó tíì jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí ṣáájú rẹ̀. Ilé-ìwé ló tún ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, ní Yunifásítì Stanford, dókítà ló sì fẹ́ dà. Lọ́dún 1987, ní Cincinnati, Witt gba oyè náà padà, Debi ṣe ìkejì. Ọ̀kan-ọ̀kan ni wọ́n dé Calgary.

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára àwọn méjèèjì. Debi lẹ́sẹ̀. Bó bá fò, ó máa ń ga, ara rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n bó bá balẹ̀. Toe loop méjì oníyìípo mẹ́ta tó so pọ̀ yẹn, èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ eré gígùn rẹ̀, Witt kò dábàá rẹ̀. Nínú yíya àmì pàápàá, Debi ló ṣíwájú Witt ní Calgary. Níbi ìjó ni wọ́n ti ń bù ú kù: wọ́n ní ó ń sáré, ó ń fò, ṣùgbọ́n orin kò wọ inú ara rẹ̀ tó. Kò gbójú fo ẹ̀sùn yìí. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Mikhail Baryshnikov, gbajúmọ̀ oníjó bàlẹ́ẹ̀tì, kó lè tún un ṣe.

Ní ti Witt, kì í ṣe ìfò ló fi ń borí. Àwọn ìfò tó rọrùn jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbójú lé, ó sì ń ṣe wọ́n láìkùnà. Ohun tó ní ni ojú àti àyà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo adájọ́ títí adájọ́ yóò fi rò pé òun nìkan ló ń jó fún. Jutta Müller, olùkọ́ rẹ̀ ní Karl-Marx-Stadt, ìlú tí wọ́n ń pè ní Chemnitz lónìí, ti tọ́ ọ láti kékeré débi pé bí ìdíje bá ṣe ń le tó ni ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó. Ó ti gba wúrà ní Sarajevo lọ́dún 1984. Obìnrin tó gba wúrà yìí léraléra kẹ́yìn kí ó tó dé ni Sonja Henie ará Norway, ìyẹn sì ti jìnnà: ọdún 1936.

Ohun tó wá da omi alámọ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà ni orin. Láìmọ̀, àwọn méjèèjì mú orin kan náà fún eré gígùn wọn: orin Carmen tí Georges Bizet ará Faransé kọ. Bí ìgbà tí ìyàwó méjì wọ aṣọ kan náà lọ sóde kan náà ni. Carmen ti Witt kú nígbẹ̀yìn, ó nà gbalaja sórí yìnyín. Carmen ti Debi kò kú. Àwọn oníwèé ìròyìn rí oúnjẹ jẹ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń wọn ọmọ kan mọ́ èkejì: dúdú àti funfun, Amẹ́ríkà àti ìlú àwọn Kọ́múníìsì, ẹni tó lè fò àti ẹni tó lè jó. Nígbà tí Witt tún wọ aṣọ oníyẹ̀ẹ́ péńpé kan fún eré kúkúrú, aṣọ náà di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín àwọn olùkọ́. Òfin nípa gígùn síkẹ́ẹ̀tì jáde lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Katarina ni àwọn eléré sì fi ń pe òfin náà. Kí ló kan aṣọ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ eré ṣe? Àmọ́ bí ìfiwéra bá ti wọ èèyàn lẹ́wù, kò sí ohun tí kò ní í kó mọ́ ọn.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ariwo yìí ni pé àwọn oníwèé ìròyìn gbójú fo àwọn ọmọ méjì mìíràn tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Elizabeth Manley, ọmọ Kánádà fúnra rẹ̀, ẹni ọdún 22. Ó ti la ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára kọjá lọ́dún díẹ̀ ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé irun orí òun re dànù nígbà náà. Ara rẹ̀ kò yá ní ọ̀sẹ̀ Calgary gan-an. Àwọn tó kọ nípa agbára àti àìlera tirẹ̀ kò pọ̀, nítorí àwọn tó fi í wé ẹlòmíràn kò pọ̀. Èkejì ni Midori Ito ará Japan, ẹni ọdún 18, tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ lọ. Kò sí obìnrin tó ń fò bíi tirẹ̀ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ipò kẹwàá ló ṣe nínú yíya àmì, ìyẹn sì ti sé ọ̀nà mọ́ ọn kí tẹlifíṣàn tó tanná.

Alẹ́ ọjọ́ náà dé. Witt jó Carmen tirẹ̀ láìfi ìkankan wewu. Mo ti sọ èyí tó dín kù níbẹ̀. Ito fò bí ẹyẹ: ìfò oníyìípo mẹ́ta méje ló ṣe, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde fún un. Manley jáde pẹ̀lú ara tí kò yá yẹn, ó ṣe márùn-ún, kò sì sí èyí tó bàjẹ́. Nígbà tó fi máa parí, ariwo àwọn ará Kánádà ti bo orin mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ju akẹtẹ̀ funfun, irú èyí tí àwọn darandaran Calgary ń dé, sórí yìnyín. Ó mú un, ó dé e. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ti rí akẹtẹ̀ yẹn nínú fídíò.

Lẹ́yìn Witt àti Manley ni Debi tó jáde, tó fò, tó fi ẹsẹ̀ méjì balẹ̀.

Ìfò oníyìípo mẹ́ta mìíràn ṣì wà níwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ó kéré tán ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí yìnyín láti ìgbà náà kì í ṣe Debi mọ́. Ìfò méjì mìíràn tún bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan yìnyín. Ó parí nítorí pé orin kò tíì parí. Ó sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé òun ti fẹ́ ṣe eré tó dára jù láyé òun ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àti pé bí ìfò àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ọkàn òun kúrò níbẹ̀.

Ẹ mú bírò, kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ipò tí eléré bá ṣe ni wọ́n ń kà. Ipò inú yíya àmì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.6. Ti eré kúkúrú, ìlọ́po 0.4. Ti eré gígùn, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ bá kéré jù ló ni wúrà. Debi ṣe ipò kejì nínú àmì, ìyẹn 1.2, ó ṣe ipò kejì nínú eré kúkúrú, ìyẹn 0.8, 2.0 ló gbé wọ alẹ́ ìkẹyìn. Witt ṣe ìkẹta nínú àmì, 1.8, àti ìkíní nínú eré kúkúrú, 0.4, tirẹ̀ jẹ́ 2.2. Manley ṣe ìkẹrin àti ìkẹta, 2.4 àti 1.2, tirẹ̀ jẹ́ 3.6. Nínú eré gígùn, Manley ṣe ìkíní, Witt ìkejì, Ito ìkẹta, Debi ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Witt ní 4.2, Manley 4.6, Debi 6.0.

Ẹ wá wo èyí. Ká ní Debi ṣe ipò kejì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí Manley ṣíwájú rẹ̀ pàápàá, 4.0 ni àròpọ̀ rẹ̀ ìbá jẹ́. Ti Manley kò ní í kúrò ní 4.6. Witt ìbá lọ sí ìkẹta, tirẹ̀ ìbá di 5.2. Wúrà ìbá jẹ́ ti Debi. Kò nílò eré tó dára jù láyé. Kò tilẹ̀ nílò láti borí Manley. Witt nìkan ló yẹ kó ta yọ, Witt tí òun náà ti fi ìfò kan sílẹ̀. Ìyókù eré tó dá ṣáṣá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn nínú rẹ̀, ṣì lè gbé e débẹ̀.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe yìí, àmọ́ àgbà tó ń wẹ̀yìn ti dìde dúró ná. Ẹni tó bá ń wẹ̀yìn nígbà tí irin ń yọ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tó wà níwájú ni yóò gbé e ṣubú. Ìfò kejì àti ìkẹta tí Debi bàjẹ́, ojú tó fi ń wo àkọ́kọ́ ló bà wọ́n jẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí àti olùkọ́ dúró sí. Ọmọ tó já fáfá jù nínú kíláàsì lè wọ yàrá ìdánwò, kó kùnà ìbéèrè kan, kó sì fi gbogbo wákàtí tó kù sunkún ìbéèrè náà nínú ọkàn rẹ̀. Bí a ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń borí, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń parí ohun tó ti fẹ́ bàjẹ́. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Ìṣirò yẹn tún sọ nǹkan kan nípa Manley. Ká ní ipò rẹ̀ àti ti Witt pààrọ̀ nínú yíya àmì, kí Manley ṣe ìkẹta, kí Witt ṣe ìkẹrin, Manley ì bá ní 4.0, Witt ì bá ní 4.8. Ipò kan ṣoṣo, nínú apá tí kò sẹ́ni tó ń wò, ló pín wọn níyà. Àwọn tó fi oṣù gbáko wọn Carmen kan mọ́ èkejì kò wo ibẹ̀ rárá.

Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Kánádà kan náà lẹ́yìn ọdún 22, láàárín àwọn ọkùnrin. Ní Vancouver, lọ́dún 2010, Evgeni Plushenko ará Rọ́ṣíà, tó ti gba wúrà ní Turin lọ́dún 2006, ní ìfò oníyìípo mẹ́rin lọ́wọ́. Evan Lysacek ará Amẹ́ríkà kò ṣe é. Ìfiwéra rọrùn lójú Plushenko: èmi ní i, ìwọ kò ní i. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti yí padà. Nígbà náà, wọ́n ti ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tí eléré ṣe ní máàkì tirẹ̀, ìfò tó bá sì bọ́ sí ìdajì ìkẹyìn eré, nígbà tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ń gba èlé ìdá mẹ́wàá. Lysacek kó ìfò tó pọ̀ síbẹ̀ ju Plushenko lọ, ó sì mójú tó ìyípo àti ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Plushenko fi 90.85 sí 90.30 ṣíwájú lẹ́yìn eré kúkúrú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Lysacek ní 257.67, Plushenko ní 256.36. Plushenko bínú, ó sì sọ ọ́ síta pé ẹni tí kò ní ìfò oníyìípo mẹ́rin kò yẹ ní ipò kìíní. Mo mọ ìrora rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ẹnìkejì kò ní ló kà, kò ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀.

Yíya àmì kò pẹ́ mọ́ láyé lẹ́yìn Calgary. Ìdíje Àgbáyé ọdún 1990 ní Halifax ni wọ́n ti yà á kẹ́yìn. Ito kò tilẹ̀ dúró de ìgbà yẹn: lọ́dún 1988 kan náà, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó fò Axel oníyìípo mẹ́ta nínú ìdíje, ó sì gba ipò kìíní àgbáyé ní Paris lọ́dún 1989.

Debi, Witt àti Manley tún pàdé níbi Ìdíje Àgbáyé ní Budapest ní oṣù Kẹta ọdún 1988. Witt tún ṣe ìkíní, Manley ìkejì, Debi ìkẹta. Lẹ́yìn náà, Debi fi eré ìdíje sílẹ̀, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Lọ́dún 1997 ó gboyè dókítà ní Yunifásítì Northwestern, ó sì di oníṣẹ́ abẹ egungun.

Idẹ tó gbà ní Calgary ni àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú gbà nínú Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù.